Ẹ̀wù Irin àti Ọ̀rinrin Èkó

Àwọn baba wa ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà sì bá irin mu ju bí ó ti bá ọmọ ènìyàn mu lọ. Nítorí ẹni tí ó wọ àkísà lè gbọ́n, ó lè lágbára, ó sì lè níyì láàrin ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n irin tí ẹ̀wù rẹ̀ ti fàya kò ní ohun kan mọ́ tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ń gbé Ìgànmú, tàbí tí iṣẹ́ òòjọ́ ń mú gba abẹ́ afárá Ìjọra lọ sí Orílé, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èyí kọ́ ọ. Ọ̀sà kò jìnnà sí àdúgbò náà, òkun kò sì jìnnà sí ọ̀sà. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èéfín ọkọ̀ àjàgbé àti ti jẹnẹrétọ̀ sì tún wá di ẹ̀kẹta wọn. Géètì tí a kùn nítorí ọdún Kérésìmesì yóò ti máa ṣu pupa létí kí òjò ọdún kejì tó dá, páànù tí a sì rà ní ọ̀pọ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó dógùn-ún mọ́ olówó rẹ̀ lórí. Ní ọjà Ọdúnadé, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ lọ́nà Orílé-Coker, àwọ̀ àti iye owó ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń béèrè. Bóyá ni a fi rí ẹni tí ń béèrè bí sínkì tí wọ́n fi bo irin náà ti nípọn tó, bẹ́ẹ̀ sì ni sínkì yìí ni ẹni tí ń kú kí irin má bàa kú, láti ìgbà tí Stanislas Sorel, ará Faransé, ti gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà ní 1837.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti páànù ni mo bá wá lónìí. Ẹ̀wù irin mìíràn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀wù tí ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, tí ojú lásán kò sì lè rí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òun ni yóò pinnu bóyá ẹ̀rọ mànàmáná kan tí ayé ń gbóríyìn fún yóò lè gbé ilẹ̀ wa ju ọdún kan àbọ̀ lọ.

Ìgànmú kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ nínú ìtàn iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ yìí. Níbẹ̀ ni Nigerian Breweries, tí a dá sílẹ̀ ní 1946, ti pọn ìgò bíà Star àkọ́kọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1949. Níbẹ̀ ni àwọn ará Bùlùgéríà ti kọ́ gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá nì, tí wọ́n fi ilé àṣà àti eré ìdárayá ìlú Varna ṣe àwòkọ́ rẹ̀, tí ó gba àlejò FESTAC ní 1977, tí a sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyinká pè ní 2024. Iwájú rẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ń gbà kọjá láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí ó ń fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì rìn láti Mile 2 dé Marina. Ìjọra, tí ó múlé tì í, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú Enúgu ní àwọn ọdún 1920 kí Èkó lè rí ìmọ́lẹ̀. Nígbà náà, ibi kan ni a ti ń dá iná, tí gbogbo ìlú sì ń pín in lò. Lónìí, olúkúlùkù ń dá tirẹ̀: ilé-iṣẹ́ ńlá ń lo ẹ̀rọ tí ń jẹ gáàsì tàbí dísẹ́ẹ̀lì, oníṣọ́ọ̀bù kékeré sì so "I better pass my neighbour" mọ́ ẹ̀yìn fèrèsé, tí ó ń ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Nínú agbára tí ó wà nínú epo bẹntiróòlù tí a ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, èyí tí ń di iná mànàmáná kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Gbogbo ìyókù di ooru, ariwo àti ikọ́.

Ẹ̀rọ tí mo ń sọ náà ni fúẹ́ẹ̀lì sẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní solid oxide. Ọgbọ́n rẹ̀ kì í ṣe ti òní. William Grove, ará Wales, amòfin tí ó di adájọ́ níkẹyìn, ni ó ti fi hàn ní 1839 pé bí háídírójìn àti ọ́síjìn bá pàdé ní ọ̀nà tí ó yẹ, iná mànàmáná ni wọ́n ń bí, omi sì ni ó ń ṣẹ́kù. Walther Nernst, ará Jámánì, wá rí i ní 1899 pé tí a bá po èròjà yttria mọ́ zirconia, tí a sun ún bí ẹní sun ìkòkò, tí a sì mú un gbóná gidigidi, mànàmáná a máa gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí pé èérún ọ́síjìn ń rìn nínú rẹ̀; nígbà tí ó sì di 1937, Baur àti Preis ní Switzerland ti fi ọgbọ́n yẹn ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀. A ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìhà kan, a ó da gáàsì sí ìhà kejì, seramíìkì gbígbóná yóò sì dúró láàrin wọn. Ọ́síjìn nìkan ni ó lè gba àárín kọjá. Bí ó bá dé ọ̀hún, yóò dàpọ̀ mọ́ gáàsì, mànàmáná tí ó tú sílẹ̀ yóò sì gba ojú wáyà lọ ṣiṣẹ́ tí a rán an. Iná kan kò jó, ohun kan kò yí gbirigbiri, kò sì sí ariwo kankan ju ti fáànù tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀rọ tí ó bá dára nínú wọn lè sọ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára gáàsì di iná mànàmáná. Àwọn ará Japan ti ń ta irú kékeré tí ń gbé inú ọgbà ilé láti 2011, lábẹ́ orúkọ Ene-Farm. Ní Amẹ́ríkà, Bloom Energy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, ń ta àwọn ńláńlá fún ilé-iṣẹ́ tí kò fẹ́ kí iná òun sẹ́jú.

Ilẹ̀ tí gáàsì pọ̀ nínú rẹ̀ tó tiwa yìí, tí wọ́n sì ti ri páìpù rẹ̀ mọ́ abẹ́ àwọn àdúgbò ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, kò sí bí àwọn olówò kò ṣe ní gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá. Wọn yóò wọ kóòtù, wọn yóò gbé ìwé aláwọ̀ mèremère dání, wọn yóò sì ṣèlérí. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ohun tí ó sì wà lọ́rùn ẹ̀rọ yìí gan-an ni ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó na ọwọ́ sí àpò.

Ẹyọ fúẹ́ẹ̀lì sẹ́ẹ̀lì kan kì í mú fóltì kan jáde, nítorí náà a ní láti to ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn léra, ọ̀kan lórí èkejì, kí agbára wọn tó lè gbé nǹkan. Láàrin méjì-méjì wọn, àwo pẹlẹbẹ kan gbọ́dọ̀ wà, tí yóò gba mànàmáná láti ọwọ́ ti ìsàlẹ̀ fún ti òkè, tí kò sì ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti ẹnì kìíní fojú kan gáàsì ti ẹnì kejì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Westinghouse ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ooru dígíríì 1,000 ni wọ́n ń lò, kò sì sí irin olówó pọ́ọ́kú tí ó lè fara da ibẹ̀. Seramíìkì ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí ń so wọ́n pọ̀, owó rẹ̀ sì ga bí òkè. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ mú kí seramíìkì ti àárín fẹ́lẹ́ sí i, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ rẹ ooru sílẹ̀ sí nǹkan bí dígíríì 700 sí 800. Irin bá rí àyè wọlé. Ní Jülich, ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn onímọ̀ àti ilé-iṣẹ́ ThyssenKrupp fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n sì pilẹ̀ irin kan tí wọ́n pè ní Crofer 22 APU, èyí tí kurómíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó sì ń wú nínú ooru níwọ̀n tí ó súnmọ́ ti seramíìkì tí wọ́n jọ ń gbé.

Kurómíọ̀mù yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ṣíbí àti ìkòkò sténlẹ́ẹ̀sì tí ó wà nílé ìdáná wa dógùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fọwọ́ kàn án, a hu awọ kan bo irin lójú, awọ tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè rí i, tí ó sì jẹ́ pé bí a bá họ ọ́, òmíràn yóò hù dípò rẹ̀. Ògún Lákáayé ìbá rí i, ìbá yìn ín. Gbogbo ayé gbà pé ọ̀ràn ti parí: irin tí ń rán ẹ̀wù ara rẹ̀ ti dé, owó ẹ̀rọ yóò wálẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò sì dé.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Awọ kurómíọ̀mù tí ń gba irin lọ́wọ́ ìpáàrà nínú ilé ìdáná wa, bí ó bá dé inú ooru dígíríì 800, tí ọ́síjìn wà níbẹ̀, tí oru omi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í dúró jẹ́ẹ́ mọ́; díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa di oru, tí yóò máa gbéra kúrò lára irin, tí yóò sì máa bá afẹ́fẹ́ rìn títí yóò fi dé ibi tí ọ́síjìn ti ń wọ inú seramíìkì. Ibẹ̀ gan-an ni yóò ti tún di líle, tí yóò sì jókòó dí ojú ọ̀nà tí ọ́síjìn ìbá gbà wọlé. Fóltì ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn, kì í ṣe lójijì, bí kò ṣe bí àìsàn tí ń jẹni lábẹ́ aṣọ, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Awọ tí ó ṣẹ́kù lára irin kò sì yé nípọn sí i. Bí ó bá ti ń nípọn ni mànàmáná ń rí i nira láti gba inú rẹ̀ kọjá, bí ó bá sì nípọn jù, a máa là, a sì máa ṣí bọ́. Ẹ̀rọ tí a rà pé kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 40,000, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́rin àbọ̀ bí kò bá sinmi tọ̀sán tòru, lè ti ọwọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ kú kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù mìíràn lé ẹ̀wù àbínibí irin náà lórí, iṣẹ́ tí wọ́n sì bẹ ẹ̀wù kejì yìí kò kéré. Ó gbọ́dọ̀ dí kurómíọ̀mù mọ́lé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí mànàmáná kọjá, nítorí pé irin tí mànàmáná kò lè gba ara rẹ̀ kọjá kò wúlò fún ẹ̀rọ yìí bí ó ti wù kí ó mọ́ tó. Ìdí nìyí tí a kò fi lè lo awọ alumínà tí alumíníọ̀mù ń hù, bí ó tilẹ̀ le jù kurómíọ̀mù lọ, àfi sí ara àwọn páìpù tí mànàmáná kò ní í gbà. Ó sì gbọ́dọ̀ máa wú, kí ó máa súnkì, ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú irin tí ó wọ̀ ọ́, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tí wọ́n sì pa á, nítorí bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni àdàlù mángáníìsì àti kóbọ́ọ̀tì, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń fọ́n tàbí kùn sára irin, tí wọ́n sì ń sun ún kí ó lè dì mọ́ ọn. Àwọn ará Chalmers, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Gothenburg ní Sweden, tọ ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn nítorí ahun tí ó wà nínú rẹ̀: wọ́n mú nanomítà 10 péré ti èròjà cerium, wọ́n fi ṣe àwọ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi nanomítà 600 ti kóbọ́ọ̀tì bò ó. Bí a bá pín mílímítà kan ṣoṣo sọ́nà mílíọ̀nù kan, nanomítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo ẹ̀wù náà kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ìnípọn irun orí ènìyàn. Nínú ooru ẹ̀rọ, kóbọ́ọ̀tì náà yóò gba ọ́síjìn mọ́ra, yóò fa mángáníìsì jáde láti ara irin, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí aṣọ tí aránṣọ kò rán tán.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni Èkó ti wọ inú rẹ̀.

Mo ti sọ pé oru omi ni ọ̀rẹ́ burúkú tí ń tan kurómíọ̀mù kúrò nílé. Bí oru omi bá pọ̀ ní ìlọ́po méjì, kurómíọ̀mù tí ń fò lọ náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ní Èkó arómisá-lẹ́gbẹlẹ̀gbẹ, níbi tí ooru ti ń yí dígíríì 27 ká, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì sábà máa ń wà ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá bu afẹ́fẹ́ ní òṣùwọ̀n ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí òṣùwọ̀n mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ oru omi gidi. Ní Gothenburg, tí òtútù ń mú, bí a bá pín in dọ́gba yí ọdún ká, kì í tó òṣùwọ̀n kan. Afẹ́fẹ́ tiwa ń gbé omi ní ìlọ́po mẹ́ta tiwọn, ẹ̀rọ náà sì ní láti mí in tọ̀sán tòru, láìsí ìgbà ọyẹ́ tí ó gùn tó láti sinmi lé.

Èyí kì í ṣe ohun tí ó pamọ́ fún àwọn onímọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ará Chalmers bá fẹ́ dán ẹ̀wù irin wò kí ìdánwò náà sì le, wọ́n a máa fi ọwọ́ ara wọn po oru omi mọ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú ìléru, títí yóò fi tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Omi tí ará Sweden ní láti wá kiri kí ó tó lè fìyà jẹ irin, Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ ní Ìgànmú láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìdánwò líle lọ́dọ̀ wọn ni ó jẹ́ ojúmọ́ lásán lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, bí olówò kan bá dé tí ó sọ pé ẹ̀rọ òun ti lo ọdún mẹ́rin ní ìlú kan tí yìnyín ń bọ́ sí, òótọ́ lè ni ó sọ, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ti ibẹ̀ kì í ṣe ọdún mẹ́rin ti ibí. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Èéfín tún wà. Nínú èéfín dísẹ́ẹ̀lì ni imí-ọjọ́ ń bá jáde, ìhà afẹ́fẹ́ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí sì sábà máa ń ní èròjà kan tí ń jẹ́ sitirọ́ńtíọ̀mù, tí kì í kọ imí-ọjọ́ bí ó bá rí i. Wọ́n a dàpọ̀, wọ́n a di iyọ̀ líle kan tí kò gba mànàmáná, iṣẹ́ ibẹ̀ a sì dẹnu kọlẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tí a rà kí a lè bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀, bí a bá gbé e kalẹ̀ sáàrin àwọn jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, àwọn tí ó wá rọ́pò ni yóò máa fún un ní májèlé jẹ. Asẹ́ tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n asẹ́ tí ń sẹ́ eruku kò lè sẹ́ oru omi.

Ẹnìkan yóò ní kí n rántí ibi tí wọ́n ti ń wa ohun èlò ẹ̀wù náà. Mo rántí. Gúúsù Áfíríkà ni ó ń wa kurómíọ̀mù àti mángáníìsì jù ní gbogbo ayé. Gabon ń wa mángáníìsì, àwọn ará Ghana sì ti ń wa tiwọn ní Nsuta láti 1916. Kóbọ́ọ̀tì, Congo tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Kinshasa ni ó ń mú èyí tí ó ju ìdajì ti ayé jáde. Gbogbo òwú aṣọ náà ni ó wà ní ìkáwọ́ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n èmi kò bá àwọn tí ń sunkún lórí èyí sunkún mọ́, nítorí pé òwú púpọ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di ahunṣọ, nanomítà 600 kóbọ́ọ̀tì kò sì ju ohun tí a lè fi ìka fọ́n lọ. Kì í ṣe òkúta ni iyebíye níbí, bí kò ṣe ìmọ̀ bí a ti ń fi í bo irin, àti sùúrù láti wò ó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí.

Sùúrù yẹn ni kò bá ìwà àwọn ìjọba wa mu. Ohun ńlá ni ojú wọn ń wò. Ní 1979 ni a dá ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀, tí àwọn ará Soviet wá bá wa kọ́ ọ, tí a sì ná owó tí ìrònú kò lè kà lé e lórí. Títí di òní, kò tíì sun irin bí a ti pète rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí fúẹ́ẹ̀lì sẹ́ẹ̀lì bá di ohun tí àwọn olóṣèlú gbọ́ nípa rẹ̀, wọn yóò fẹ́ kí a kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣe odindi rẹ̀, pẹ̀lú òkúta ìpìlẹ̀, ìlù àti àwòrán nínú ìwé ìròyìn. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ń sun irin ní Ọ̀lá-Ìgbì lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí òyìnbó Bellamy lọ wò tí ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1904, iná kékeré ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì mọ ìwà òkúta àti ti èédú wọn délẹ̀délẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ilé ìdánwò kan, kékeré, tí kò ní ju yàrá méjì tàbí mẹ́ta lọ, ní Yàbá tàbí ní Ìgànmú gan-an. Kí wọ́n fi ìléru oníná ẹ̀lẹ́tíríìkì sínú rẹ̀, kí wọ́n máa fa afẹ́fẹ́ Èkó gba ojú fèrèsé wọlé bí Ọlọ́run ti dá a, láìsẹ́ ẹ, láìgbẹ ẹ́, kí wọ́n sì máa gbé àwo irin oríṣiríṣi, pẹ̀lú ẹ̀wù oríṣiríṣi, sínú ooru náà fún oṣù mẹ́fà, fún ọdún kan, fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka kurómíọ̀mù tí ó bá fò kì í ṣe awo. Wọ́n a fi èròjà sodium carbonate kun inú ọ̀pá kan tí ooru kò lè yọ́, wọ́n a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó ti ara irin bọ̀ gba inú rẹ̀ jáde. Gbogbo kurómíọ̀mù tí ń fò yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n a wá fi omi fọ ọ̀pá náà, wọ́n a sì fi ẹ̀rọ tí ń wo àwọ̀ omi ka iye tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń wo àwọ̀ omi yìí kò ṣàjèjì sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní kẹ́místrì. Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Akọka, wọ́n sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ irin àti ohun èlò níbẹ̀. Yabatech ti wà láti 1947. FIIRO, tí ó wà ní Òṣòdì, ti ń ṣe ìwádìí láti 1956. Ọ̀wọ́n iná ni yóò kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú, nítorí pé ìléru tí iná rẹ̀ ń kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí a so òòrùn àti bátìrì mọ́ ọn, kí a má sì jẹ́ kí wọ́n ra ọkọ̀ jíìpù kan kí ìléru tó dé.

Ẹ̀yin tí ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti yá jù, pé ẹni tí kò tíì rí iná NEPA kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ẹ̀wù irin, mo gbọ́ yín, ẹ̀sùn yín kò sì ṣófo. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ará Jámánì àti Sweden ní àkísà: wọ́n ní àwo irin tí ó ti wà nínú ooru fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n sì mọ ibi tí ẹ̀wù rẹ̀ kọ́kọ́ ya. Irú àkísà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà lọ́jọ́ kan. Bí a bá dúró di ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò bọ́ sílẹ̀ ní èbúté Àpápá kí a tó fi irin kìíní sínú ìléru, ọdún mẹ́ta yóò kọjá kí a tó ní ohun kan láti sọ, owó yóò sì ti jáde lọ́wọ́ wa. Ìdánwò náà kì í sì í ṣe ti fúẹ́ẹ̀lì sẹ́ẹ̀lì nìkan: ẹni tí ó bá ti mọ bí afẹ́fẹ́ Èkó ti ń jẹ irin ní dígíríì 800 yóò lè gba àwọn ilé-iṣẹ́ Ìgànmú nímọ̀ràn lórí sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ tí ń ya, àti lórí páìpù tí ń gbé ooru nínú bọ́ílà.

Àṣẹ tí a lè fi ṣe é ti wà nílẹ̀. Òfin iná mànàmáná ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe àkóso iná tiwọn. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, òfin tí ó yan àjọ tí yóò máa bójú tó ọjà iná náà. Kí àjọ yìí fi ẹsẹ kan kún ìlànà wọn pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ta fúẹ́ẹ̀lì sẹ́ẹ̀lì fún ilé-iṣẹ́ tàbí ilé ìwòsàn ní Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé àwo irin rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù tí ó wọ̀, wá sí ilé ìdánwò, kí ó sì gba ìwé tí yóò sọ iye kurómíọ̀mù tí ó ń fò lára rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa, láàrin wákàtí 1,000, ní ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ náà ń lò. Owó ìdánwò, kí ẹni tí ń tà á san án. Àbájáde rẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta, kí máníjà ilé-iṣẹ́ bíà àti dókítà ilé ìwòsàn lè kà á bákan náà, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí olówò kan bá sì ní ẹ̀wù irin òun jẹ́ àṣírí tí kò ṣeé fi han ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bá a jà. Irin náà ni kí ó gbé wá, àṣírí rẹ̀ lè dúró sílé.